A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ni ní Òfin àti Ìwà Ọmọlúàbí Nínú Ìwádìí Àbùdá

Ìmọ̀ràn yìí wà fún ẹ̀yin ọmọ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ yìí lé lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n kàn fún ní àkọlé ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n ní kí ẹ lọ kọ́ ọ, tí ẹ sì ń rò ó pé kí lẹ ó sọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ní máa tòògbé. Ẹ̀rọ tó ń ka DNA dùn mọ́ wọn ju òfin lọ. Lójú wọn, òfin ni ohun tí ń dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá kọ́ wọn dáadáa, wọn yóò rí i pé òun gan-an ló ń jẹ́ kí ará ìlú tún lè na apá sí wa nígbà tí a bá padà wá tọrọ ẹ̀jẹ̀.

Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwádìí wò. Ohun kan ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́: ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ní ẹni tó ni ín. Ẹni náà ní orúkọ, ó ní ẹbí, ó ní ìlú. Àwọn bàbá wa sì sọ ọ́ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

1. Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹjọ́ àwọn dókítà ní ìlú Nuremberg ní Jámánì. Ẹ̀yin, Ìbàdàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, Nàìjíríà wà lára wọn, dá iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní HapMap, kí wọ́n lè mọ ibi tí àbùdá ọmọ ènìyàn ti yàtọ̀ síra. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibi mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ lò: Tokyo ní Japan, Beijing ní Ṣáínà, ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, àti Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, ìdílé 30 ni wọ́n lò. Bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà ni wọ́n mú nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 90 lápapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kópa, àwọn òbí tó bí bàbá rẹ̀ àti àwọn tó bí ìyá rẹ̀, Yorùbá ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò. Kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kan ẹnikẹ́ni, wọ́n bá àwọn ará àdúgbò náà jókòó, wọ́n sì gbọ́ ohun tó ń kọ wọ́n lóminú. Wọn kò kọ orúkọ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà pọ̀ ju èyí tí wọ́n lò lọ, kí ẹnì kankan má baà lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun wà níbẹ̀. Wọ́n sì pàṣẹ pé Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn ni kí wọ́n máa pè é, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà, nítorí pé àdúgbò kan ní Ìbàdàn kò lè ṣojú gbogbo Yorùbá, áńbọ̀sì gbogbo Áfíríkà. Ilé ìpamọ́ Coriell ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey, ni wọ́n tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sí, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ti ń gbà á. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá rí lẹ́tà YRI nínú ìwé ìwádìí kan, kó mọ̀ pé ará Ìbàdàn ni wọ́n ń sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó le: nígbà tí a kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn náà bá ní òun kò ṣe mọ́ lónìí, báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a ó yọ kúrò? Ohun tí a fi dáàbò bò ó náà ni kò jẹ́ kó lè fà sẹ́yìn. Ẹ má ṣe yára dá a lóhùn fún wọn.

2. Ẹ sọ ìtàn ènìyàn kí ẹ tó ka òfin.

Ẹ sọ ti Henrietta Lacks, ìyá ọmọ márùn-ún, aláwọ̀ dúdú, tó lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ní ọdún 1951 nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Dókítà gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n sì gbé e fún George Gey ní yàrá ìwádìí. Ẹnikẹ́ni kò bi obìnrin náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ló kú, ẹni ọdún 31. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú, ó ń pọ̀ sí i ni. HeLa ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n fi ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ó ju ogún ọdún lọ kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Heidelberg tún ka gbogbo àbùdá sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé láìbi àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ẹbí fárígá ni iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, tó bá wọn ṣàdéhùn, tí ìdílé náà sì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu ẹni tó lè lo àkọsílẹ̀ náà.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá òfin tí dókítà náà rú ní ọdún 1951. Wọn kò ní rí i, nítorí pé kò sí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn ìpalára ni òfin sábà máa ń dé, ẹni tó bá sì ń dúró de òfin kó tó ṣe ohun tó tọ́ yóò ti ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ.

3. Ẹ kọ́ wọn pé ìyọ̀ǹda ju títẹ̀ka sórí ìwé lọ.

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 32, sọ pé ẹni tí a bá fẹ́ fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé ète ìwádìí náà fún un, àti ohun tó lè yọrí sí fún ìlera rẹ̀, rere àti búburú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùṣèwádìí ló rò pé bí ìka bá ti kan bébà, iṣẹ́ bùṣe.

Ẹ ṣe báyìí ní kíláàsì. Ẹ mú ìwé ìyọ̀ǹda kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ti ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́, ìyá gidi, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kó ṣàlàyé ìwé náà fún Màmá ní Yorùbá láìwo bébà. Lẹ́yìn náà, kó bẹ Màmá pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ padà. Bí Màmá bá ní, “O fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi kí o lè wò mí sàn,” akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kùnà, nítorí pé ìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú. Bí wọ́n bá béèrè pé, “Títí dìgbà wo lẹ ó tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà? Ta ni ẹ ó tún fún? Bí mi ò bá ṣe mọ́ ńkọ́?” kí ó ní èsì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ìdánwò báyìí máa ń kọ́ ọmọ ju ìwé ogún ojú ewé lọ.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa baálé ilé. Ó tọ́ kí a kí baálẹ̀, kí a sì bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀, àṣà wa ni, iyì sì ni. Ṣùgbọ́n bí baálé bá ní kí a wọlé, kò tíì fún wa ní apá ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ la ó bi, níbi tí yóò ti lè ní rárá.

Ohun tí a bá sì fi pamọ́ nínú ìwé ìyọ̀ǹda lè pa ènìyàn. Ọmọ ọdún 18 ni Jesse Gelsinger tó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 nínú ìwádìí ìtọ́jú àbùdá ní Yunifásítì Pennsylvania. Àwọn ọ̀bọ kan ti kú nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ sí kò sì mẹ́nu bà á.

4. Ohun tí a torí rẹ̀ tọrọ ẹ̀jẹ̀ ni kí a fi í ṣe.

Ẹ kọ́ wọn nípa àwọn Havasupai, ẹ̀yà kékeré tó ń gbé inú àfonífojì Grand Canyon ní Arizona. Àtọ̀gbẹ ń yọ wọ́n lẹ́nu gidigidi. Láti ọdún 1990, àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn ènìyàn náà sì gbà pé nítorí àtọ̀gbẹ ni. Ní ọdún 2003, ọ̀kan nínú ọmọ ẹ̀yà náà ló jókòó síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì yẹn, tó sì gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ni wọ́n ń lò fún ohun mìíràn. Wọ́n ti fi wádìí àìsàn ọpọlọ, fífẹ́ra láàárín ẹbí, àti ibi tí ẹ̀yà náà ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ wọn sọ pé inú àfonífojì yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ẹ ro bó ṣe máa rí bí ẹnì kan bá gba ẹ̀jẹ̀ yín nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá fi kọ ìwé pé irọ́ ni ìtàn Ilé-Ifẹ̀. Ẹjọ́ náà parí ní ọdún 2010: yunifásítì san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 dọ́là fún ènìyàn 41, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ náà padà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi “gbogbo ìwádìí tó bá yẹ” sínú ìwé ìyọ̀ǹda láìṣàlàyé rẹ̀. Bí iṣẹ́ tuntun bá yọjú, kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó fún un lẹ́jẹ̀, tàbí ó kéré tán, kó padà síwájú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwádìí wò.

5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kan gbogbo ẹbí.

Ẹni tó na apá fún abẹ́rẹ́ ti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ti àbúrò rẹ̀, àti ti ọmọ tí kò tíì bí. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ bàbá, ìyá àti ọmọ pọ̀, èsì lè fi hàn pé ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ kọ́ ló bí ọmọ náà. Ta ló yẹ kó gbọ́? Kí olùṣèwádìí ti pinnu ṣáájú, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwádìí yìí kì í ṣe ti ta-ló-lọmọ, àti pé a kò ní sọ irú èsì bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí èsì jáde kó tó ronú, ilé onílé ló fẹ́ tú.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yín ló mọ ọ̀rọ̀ AS, ẹni tó gbé àbùdá fòníkúfọ̀ladìde kan lára láìṣàìsàn. Ẹ lò ó. Àfẹ́sọ́nà méjì jókòó níwájú pásítọ̀, ìwé àyẹ̀wò wà lórí tábìlì: AS ni ọkùnrin, AS ni obìnrin. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ yóò ní fòníkúfọ̀ladìde. Pásítọ̀ ní òun kò ní so wọ́n pọ̀. Ẹ bi kíláàsì yín: ta tún ló ti rí ìwé náà? Ìmọ̀ràn ni wọ́n fún wọn ni, àbí àṣẹ? Kí ẹ tó fàyè gba ìdáhùn, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi òfin mú àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe àyẹ̀wò yìí. Wọ́n ka àwọn AS tí ara wọn le sí aláìsàn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú wọn kò gba irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé títí di ọdún 1981. Iṣẹ́ rere ni àyẹ̀wò náà, àìsí ààbò ló sọ ọ́ di ohun ìtìjú.

Kì í ṣe ẹbí nìkan, odindi ẹ̀yà náà lè fara gbá a. Ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé oríṣi kan nínú jíìnì APOL1, tó ń ran ara lọ́wọ́ lòdì sí kòkòrò àrùn sùnrunsùnrun, tún lè mú kí ènìyàn tètè ní àìsàn kíndìnrín. Ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí a ṣe ń kéde irú àbájáde bẹ́ẹ̀ láìfi orúkọ àìsàn sọ ẹ̀yà lórúkọ.

6. Ẹ kọ́ wọn ní òfin bó ṣe wà gan-an.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ránṣẹ́. Kí wọ́n mọ Ìlànà Orílẹ̀-Èdè lórí ìwádìí ìlera tí NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera, gbé jáde ní ọdún 2007. Kí wọ́n ka abala 48 nínú Òfin Ìlera 2014, tó béèrè ìyọ̀ǹda kí a tó mú ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara alààyè. Kí wọ́n ka abala 50, tó de títún àbùdá ọlẹ̀ ṣe àti dídá ẹ̀dà ènìyàn, tó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ó kéré tán, láìsí àyè owó ìtanràn, sí i. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ti He Jiankui, onímọ̀ ará Ṣáínà tó kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 pé wọ́n ti bí ìbejì tí òun tún àbùdá wọn ṣe láti inú ọlẹ̀. Kóòtù Ṣáínà rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní òpin ọdún 2019.

Kí wọ́n tún jiyàn lórí ẹjọ́ John Moore. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California sọ ní ọdún 1990 pé ọkùnrin náà kò ní ẹ̀tọ́ ohun ìní lórí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà ti sọ fún un pé owó ń bẹ nínú rẹ̀ fún òun. Ti iléeṣẹ́ Myriad, tó gba páténtì lórí jíìnì, tẹ̀ lé e: ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé DNA bí Ọlọ́run ṣe dá a kò ṣe é gba páténtì lé lórí. Kí wọ́n sì mọ ibi tí òfin kò dé. Òfin GINA ti Amẹ́ríkà ní ọdún 2008 kò jẹ́ kí àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe ìbánigbófò ìlera fi àbùdá ya ènìyàn sọ́tọ̀, àmọ́ kò kan ìbánigbófò ẹ̀mí.

7. Ẹ kìlọ̀ fún wọn lórí àkọsílẹ̀.

Ẹyin lohùn, bẹ́ẹ̀ náà ni détà àbùdá: bó bá ti balẹ̀, kò ṣe é kó jọ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé bí a bá ti yọ orúkọ kúrò, ó tán. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan lo àkọsílẹ̀ ìran tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi dá àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 mọ̀ lórúkọ láàárín àwọn ará Utah, àwọn kan náà tí wọ́n jọ wà pẹ̀lú Ìbàdàn nínú iṣẹ́ HapMap. Ní ọdún 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí àkọsílẹ̀ àwọn tó tó mílíọ̀nù 6.9 ní iléeṣẹ́ 23andMe, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ń wá orírun wọn. Ní ọdún 2025, iléeṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, ọ̀rọ̀ wá di ẹni tí yóò jogún àkọsílẹ̀ náà. Òfin Ààbò Détà Nàìjíríà ti oṣù kẹfà ọdún 2023 ti ka détà àbùdá mọ́ èyí tó gbẹgẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tinútinú.

8. Ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ló ń jèrè.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú fòníkúfọ̀ladìde tó ń tún àbùdá ṣe. Owó rẹ̀ nígbà náà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn náà jù lọ láyé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n pẹ̀lú. Ní ọdún 2010 ni wọ́n kéde iṣẹ́ ìwádìí àbùdá kan tí wọ́n pè ní H3Africa, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ Áfíríkà ló ṣáájú ìwádìí, tí ilé ìpamọ́ kan sì wà ní Abuja. Ní ọdún 2020, wọ́n gbé iṣẹ́ jáde lórí ènìyàn 426 láti ẹ̀yà 50, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ àbùdá tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 kan náà, yàrá ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ka àbùdá kòkòrò kòrónà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ọdún 2017, àwọn San ní Gúúsù Áfíríkà kọ ìlànà tiwọn fún ẹni tó bá fẹ́ wádìí wọn: ọ̀wọ̀, òtítọ́, ìdájọ́ òdodo àti ìtọ́jú. Ẹ ní kí kíláàsì yín kọ irú rẹ̀ fún ìlú tiwọn.

9. Ẹ má ṣe dá a kọ́, ẹ má sì fi ìwé híhá sórí dán wọn wò.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí onímọ̀ àbùdá, lọ́yà, nọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àìsàn jọ dúró níwájú kíláàsì. Fún ìdánwò, ẹ fún wọn ní àlàyé ìwádìí kan tó ní àlébù, kí wọ́n jókòó bí ìgbìmọ̀: ẹnì kan alága, ẹnì kan lọ́yà, ẹnì kan ará àdúgbò. Kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó jókòó bí ará àdúgbò ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

10. Kí ìwà yín bá ẹ̀kọ́ yín mu.

Ẹ má ṣe gba ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fún ìwádìí tiyín. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín kò lè ní rárá. Ẹ má ṣe bi ẹnikẹ́ni ní kíláàsì pé AA ni àbí AS. Bí ẹ bá ń gba owó iléeṣẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ níwájú wọn. Bí ẹ bá kọ́ wọn ní gbogbo òfin ayé, tí wọ́n wá rí yín tí ẹ ń fi ipò gba ẹ̀jẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni wọn yóò mú lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn ará Ìbàdàn tó na apá wọn fún HapMap ti ṣe tiwọn. Wọ́n fún ayé ní ẹ̀jẹ̀ wọn láìgba orúkọ, ìmọ̀ ìṣègùn gbogbo àgbáyé sì ń jàǹfààní rẹ̀ títí dòní. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni láti tọ́ àwọn olùṣèwádìí tí kò ní dójú tì wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gboyè lọ́wọ́ yín láìmọ̀ pé ìgò ẹ̀jẹ̀ tó dì mú ní ẹni tó ni ín.